Ṣé O Mọ̀ Pé Yemọja Ti Wọnú Ìwé Ìfẹ́?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ìyámoyè ní ilẹ̀ Ìjùmú tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti mú iná lọ lálẹ́, abẹ́ aṣọ ìbora ni yóò gbé fóònù lọ, yóò máa kàwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, mo bá a lẹ́yìn ilé ìdáná lórí àpótí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, "Ta ló lù ọ́?" Ó ní, "Kò sẹ́ni tó lù mí, Ańtí. Wọn ò ní jẹ́ kó fẹ́ ẹ ni." Ó yí ojú fóònù sí mi. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni. Orúkọ àkọ́kọ́ tí ojú mi bá níbẹ̀ ni Yemọja, ìkejì ni Simidele.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ wa láti inú ilé. "Màmíwọ́tà ló tún ń kà yẹn o! Bá mi gba fóònù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ jàre. Kí ló pa àwa ará òkè pọ̀ mọ́ òkun?"

Mi ò gbà á. Mo fà sún mọ́ ọmọ náà, a jọ kà á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá gbogbo ohun tó so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ohun tí mo rí rèé.

Ṣé o mọ̀ pé *Skin of the Sea* ni ìwé náà ń jẹ́, Natasha Bowen ló sì kọ ọ́? Ọmọ tí Nàìjíríà àti Wales jọ bí ni, ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe ibùgbé. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni ìwé náà jáde, ó sì bọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ìwé tó tà jù lọ tí *New York Times* máa ń tẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, *Soul of the Deep*, dé ní 2022. Àwọn tó ti kúrò lọ́mọdé tí wọn ò tíì dàgbà tán ni wọ́n kọ méjèèjì fún, àwọn tí ọkàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ẹni.

Ṣé o mọ̀ pé Simidele kì í ṣe màmíwọ́tà tó kàn ń jókòó sórí àpáta ya irun? Iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú òkun kọjá, tí wọ́n ń ju èèyàn sómi, Yemọja sọ àwọn ọmọbìnrin kan di ìdajì ẹja kí wọ́n lè máa gba ọkàn àwọn tó kú, kí wọ́n súre fún wọn, kí wọ́n sì fi ọ̀nà ilé hàn wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí wọ́n jù sómi ṣì ń mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Kọ́lá lorúkọ rẹ̀. Simi gbé e gúnlẹ̀. Òfin ló rú yẹn, torí ọkàn òkú ni wọ́n ní kó máa gbà, wọn ò ní kó yọ alààyè nínú ikú. Bó ṣe di pé àwọn méjèèjì forí lé ọ̀dọ̀ Olódùmarè láti lọ tọrọ ìdáríjì nìyẹn. Bí Simi bá gun ilẹ̀, ìrù rẹ̀ á di ẹsẹ̀. Èṣù ń dí wọn lọ́nà, ìfẹ́ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí Simi bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìfẹ́ ọmọ èèyàn, ìfófó ojú omi ni yóò dà. Omijé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tọ́ sí i.

Ṣé o mọ ohun tí òǹkàwé Amẹ́ríkà kò lè gbọ́ nínú orúkọ yẹn, tí ìwọ ti gbọ́ kí o tó ṣí ìwé? Sìn mí dé ilé. Rántí bí àlejò bá fẹ́ lọ nílé wa. A kì í jókòó sórí àga ká ní kó máa lọ. A ó dìde, a ó bá a gbé àpò, a ó sìn ín kọjá ilé ìdáná, kọjá ìdí igi máńgòrò, dé etí títì tí ọkọ̀ Kabba àti ti Òmùò-Èkìtì ti ń kọjá. A ó dúró tì í títí ọkọ̀ yóò fi dé, a ó tún juwọ́ títí kò fi ní rí wa mọ́. Ohun tí ọmọbìnrin inú ìwé yìí ń ṣe fún òkú láàrin agbami nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ náà, ó ní, "Há, Ańtí!" Ó padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà látòkè.

Ṣé o mọ̀ pé ìfófó omi yẹn ti pẹ́ ju ìwé Bowen lọ? Ọdún 1837 ni Hans Christian Andersen, ará Dẹ́ńmáàkì, tẹ ìtàn ọmọbìnrin kékeré inú òkun tó fẹ́ràn ọmọ ọba. Ó fi ohùn rẹ̀ ra ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àjẹ́ inú òkun. Gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀, ó dà bíi pé orí ọ̀bẹ ló ń tẹ̀. Ọmọ ọba fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé irun wọn láti fi gba ọ̀bẹ kan fún un, pé bó bá fi gún ọmọ ọba, yóò padà di ẹja, yóò yè. Ó wo ọkọ àti ìyàwó níbi tí wọ́n sùn sí, ó ju ọ̀bẹ náà sómi, ó bẹ́ tẹ̀ lé e, ó sì di ìfófó. Nígbà tí Disney wá fi í ṣe fíìmù ní 1989, wọ́n pa òpin yẹn dà, wọ́n sọ ọ́ di ìgbéyàwó. Ère ọmọbìnrin náà ṣì jókòó sórí òkúta létí omi ní Copenhagen láti 1913.

Ní 2023, Disney tún un ṣe, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Halle Bailey, ló sì ṣe ọmọ inú òkun náà. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ibo ni wọ́n ti ń rí màmíwọ́tà aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Ṣé wọ́n mọ̀ pé orúkọ Yemọja fúnra rẹ̀, Yèyé ọmọ ẹja ni? Kí Andersen tó gbé gègé, àwọn tó ń bọ ọ́ létí odò Ògùn ti ń pe obìnrin kan ní ìyá tó bí ẹja.

Ṣé o mọ̀ pé Yemọja bá àwọn ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ lọ ni? Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún ni ọjọ́ rẹ̀. Àwọn apẹja Rio Vermelho máa ń kó òdòdó, lọ́fínńdà, ìyarun àti dígí sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ojú òkun. Iemanjá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n sì máa ń yà á bí obìnrin tó ní ìrù ẹja. Ìlú yẹn ni òǹkọ̀wé Jorge Amado ti mú ìtàn *Mar Morto*, tó jáde ní 1936. Ọkọ̀ ojú omi ni Guma ń tù, Lívia sì ni ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìjì bá jà ni Lívia máa ń dúró létí omi, nítorí ó mọ̀ pé obìnrin mìíràn wà nísàlẹ̀ tó ń dúró de ọkọ òun. Ẹni tó bá kú sínú òkun, Iemanjá ló fẹ́ ẹ. Ìyàwó àti orogún rẹ̀ tí kò lè bá jà: nínú gbogbo ìtàn ìfẹ́ inú omi, èyí ló gún mi jù.

Ṣé o mọ̀ pé bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, lẹ́tà kan náà la fi ń kọ "Okun" tí àwa Ìjùmú, Yàgbà, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ fi ń kí ara wa, tí a tún wá fi ń pe ara wa, àti òkun tó jẹ́ omi ńlá?

Ṣé o mọ̀ pé odò tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ wa, orúkọ obìnrin ló ń jẹ́? Odò Ọya ni Yorùbá ń pe Niger. Lọ́kọ́ja ló ti pàdé Benue. Ìyàwó Ṣàngó ni, obìnrin tó fẹ́ràn ọkọ dé ibi tí ó bá a lọ sógun, tó sì di omi lẹ́yìn tí ọkọ lọ.

Inú omi yẹn kan náà ni ẹran kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní ayu. Kì í ṣe ẹja, ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú ni, ọmú náà sì wà lábẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì. Ó lè gùn ju èèyàn lọ, ìrù rẹ̀ fẹ̀ bí àjẹ̀, koríko ló ń jẹ. Ó máa ń yọrí díẹ̀ láti mí, yóò tún rọra rì padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni àwọn atukọ̀ rí tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn rí obìnrin inú omi. Ní oṣù kìíní ọdún 1493, Columbus kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí mẹ́ta, ó ní wọn ò rẹwà tó bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n. Ọdẹ àti àwọ̀n ti dín ayu kù gan-an ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ tó bá ń kàwé màmíwọ́tà lónìí lè má rí ayu kankan títí yóò fi darúgbó, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni odò náà gbà kọjá.

Ó yá, jẹ́ ká wá sí ọdún 1966, torí ọdún yẹn yà mí lẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún kan ṣoṣo yẹn ni Nàìjíríà bí ìtàn ìfẹ́ inú omi méjì tí ayé kò tíì gbàgbé, àti orin kan? Ilé iṣẹ́ Heinemann ló tẹ ìwé méjèèjì, wọ́n sì tẹ̀ léra gan-an nínú ọ̀wọ́ *African Writers Series*: *The Concubine* ti Elechi Amadi ni nọ́ńbà 25, *Efuru* ti Flora Nwapa ni nọ́ńbà 26. Fojú inú wò wọ́n lórí àtẹ, ìyàwó ọba òkun àti ẹni tí obìnrin adágún yàn, wọ́n fara ti ara wọn.

Nínú ìwé Amadi, Ihuoma lẹ́wà, ó mọ̀wà hù, kò sí ẹni tó ní ẹ̀sùn rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá fẹ́ ẹ kì í pẹ́. Emenike ọkọ rẹ̀ kú. Madume tí ojú rẹ̀ wọ̀ ọ́, ejò tu oró sí i lójú, ó fọ́, ó sì so ara rẹ̀. Ìgbà tí Ekwueme dìde láti fẹ́ ẹ ni adáhunṣe tú àṣírí náà: ìyàwó ọba òkun ni Ihuoma kó tó wá sáyé, ọkọ rẹ̀ ọ̀hún sì ń jowú. Wọ́n ní ètùtù lè ràn án. Wọ́n ń wá àwọn ohun ètùtù náà, aláǹgbá tó ní àwọ̀ rírẹwà wà lára wọn, àwọn ọmọdé sì ń fi ọfà lé e kiri àgbàlá. Ọmọkùnrin Ihuoma fúnra rẹ̀ ta ọfà sí aláǹgbá. Ekwueme ló bà. Mo ti ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ìgbà ni mo ń rò pé ọfà yẹn lè yà lẹ́ẹ̀yí.

Ti Nwapa kò fi ikú dẹ́rù bani bẹ́ẹ̀. Efuru mọ òwò ṣe, owó ń wọlé fún un, ṣùgbọ́n ọkọ méjì ló já a kulẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì kú. Uhamiri, obìnrin tó ni adágún Oguta, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lálàá. Ó yàn án. Uhamiri ní ẹwà, ó ní ọrọ̀, kò bímọ rí, bẹ́ẹ̀ làwọn obìnrin sì ń bọ ọ́. Nwapa fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún wa, kò dáhùn rẹ̀. *Efuru* ló sọ ọ́ di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì jáde nílẹ̀ òkèèrè. Ó tún padà sọ́dọ̀ obìnrin inú omi ní 1979 pẹ̀lú *Mammywater*, tó kọ fún àwọn ọmọdé.

Orin náà ńkọ́? "Guitar Boy" ti Victor Uwaifo ni. Uwaifo sọ pé òun wà létí òkun ní Bar Beach ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ kan, òun ń ta gìtá, ni òun rí màmíwọ́tà. Òun, gìtá òun, àti obìnrin náà. Kò yí ọ̀rọ̀ yẹn padà títí tó fi kú ní 2021. Kò tíì parí: ní Ghana, lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti gba ìjọba, "Operation Guitar Boy" ni wọ́n sì fi pe ètò wọn. Kò yọrí sí rere fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀gágun Kotoka kú nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ sọ pápákọ̀ òfuurufú Accra lẹ́yìn náà.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán màmíwọ́tà tí o mọ̀ jù kì í ṣe àwòrán màmíwọ́tà? O ti rí i: obìnrin onírun gígùn tó fọ́n ká, ejò ńlá kan lọ́rùn rẹ̀, ejò náà gbórí sókè, ojú obìnrin náà tààrà sí ọ. Ní kékeré mi, ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, mo máa ń fojú pamọ́ bí wọ́n bá rán mi kọjá níbẹ̀. Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láàrin ọdún 1880 sí 1890. Obìnrin tó ń fi ejò ṣeré níwájú èrò ni, wọ́n fi àwòrán náà pe èèyàn wá wòran. Ó wọ ọkọ̀ dé etíkun wa, àwọn èèyàn wò ó, wọ́n ní, "Òun rèé." Ní 1955, wọ́n tún un tẹ̀ ní Bombay ní Íńdíà fún títà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Henry John Drewal, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà, ló tọpa rẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú àfihàn ńlá kan ní Los Angeles ní 2008.

Ṣùgbọ́n kí àwòrán Hamburg tó dé, a ti ní tiwa. Nínú iṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ àti Benin àtijọ́, wàá rí ọba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ẹja. Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà sí wa.

Bùnú tiẹ̀ tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé o mọ̀ pé Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé láàrin wọn, ó sì kọ àròkọ kan ní 1991 lórí omi, àwọn ẹ̀mí àti aṣọ funfun? Ìwé rẹ̀ lórí aṣọ Bùnú jáde ní 1995. Aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Bùnú, ṣùgbọ́n funfun báláú tí obìnrin hun nínú ilé ni ti àwọn tó ní ìbátan nínú omi. Ọkọ̀ kan ló máa gbé ọ láti Ìyámoyè dé Kabba, òmíràn á sì gbé ọ wọ Bùnú. A ò nílò kí Copenhagen kọ́ wa pé omi ní èèyàn nínú.

Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi náà ní ìtàn, mi ò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ní 1987, ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ *Delivered from the Powers of Darkness*, ẹ̀rí ìyípadà Emmanuel Eni? Scripture Union ló tẹ̀ ẹ́. Nínú rẹ̀, obìnrin tó rẹwà kan fa ọ̀dọ́kùnrin wọ ìjọba abẹ́ òkun. Ìwé yẹn rìn ju ọkọ̀ lọ: wọ́n dà á kọ, wọ́n yá a láti ilé dé ilé, wọ́n kà á lórí ibùsùn ní ilé ìwé gbogbo. Ẹni tó wà ní ọ̀dọ́ nígbà náà, tí ó ti di ìyá lónìí, bí ó bá gbọ́ "màmíwọ́tà", ìwé yẹn ni etí rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn fíìmù dé, bíi *Nneka the Pretty Serpent* ní 1994. Nítorí náà, mo sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó kà á. Ẹ tiẹ̀ jókòó kà á pẹ̀lú ẹ̀." Wọn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọn ò tún bèèrè fóònù mọ́.

Kíákíá báyìí. Ṣé o mọ̀ pé lẹ́yìn tí *Twilight* fi ìfẹ́ ọmọbìnrin àti amùjẹ̀ pa owó láti 2005 ni àwọn atẹ̀wé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀dá mìíràn tí ọ̀dọ́ lè fẹ́? *Forgive My Fins* ti Tera Lynn Childs dé ní 2010. Amanda Hocking bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ *Watersong* ní 2012. *To Kill a Kingdom* ti Alexandra Christo, 2018. Ọdún 2018 yẹn náà ni *Children of Blood and Bone* ti Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ṣí ilẹ̀kùn fún òrìṣà nínú ìwé ọ̀dọ́. Brazil ló ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìtàn náà. Rivers Solomon kọ *The Deep* ní 2019, níbi tí àwọn ọmọ tí aboyún bí nígbà tí wọ́n jù wọ́n láti inú ọkọ̀ ẹrú ti di ẹ̀dá omi. Bethany C. Morrow, *A Song Below Water*, 2020. Monique Roffey, ọmọ Trinidad, kọ *The Mermaid of Black Conch* fún àgbàlagbà, ó sì gba ẹ̀bùn ìwé Costa ti 2020. Nnedi Okorafor ti mú ẹ̀dá omi jáde ní Bar Beach ní 2014 nínú *Lagoon*: etíkun Uwaifo kan náà.

Wo gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn.

Ó ká mi lára. Ní Kano, láti bí ogójì ọdún, àwọn obìnrin ti ń fi Hausa kọ ìwé ìfẹ́ tí wọ́n ń pè ní littattafan soyayya, wọ́n ń tà á lọ́jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́. *Alhaki Kuykuyo Ne* ti Balaraba Ramat Yakubu, tó jáde ní 1990, rìn títí tí wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ní 2012. Àwa náà ló yẹ ká ti ṣáájú, torí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ìwé ìtàn àròsọ wa fi bẹ̀rẹ̀: Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tí Isaac Thomas ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú *Akéde Èkó* láàrin 1929 sí 1930. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Ańtí, èwo ni mo lè kà ní Yorùbá tó ní màmíwọ́tà àti ìfẹ́ nínú?" Mi ò rí ọ̀kan mú lé e lọ́wọ́. Ó ń sọ Ìjùmú lójoojúmọ́, ó sì ń kọ orúkọ Yemọja láìní àmì lórí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé o mọ̀ pé Fágúnwà, tó fún wa ní igbó irúnmalẹ̀ ní 1938, omi ló gbà á? Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, ó já sínú odò ní Wuya, nítòsí Bida. Odò Kaduna ni. Ó ń ṣàn wọ Ọya, Ọya sì ń gbé e kọjá ní Lọ́kọ́ja, lọ sí òkun.

Èyí tó kù yìí ni mo fi dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀fọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ìbéèrè tó bi wá nípa àwa ará òkè àti òkun kò kúrò lọ́kàn mi.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe ń kó èèyàn ní ilẹ̀ wa títí di 1897 tí Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bida? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó kò kọjá Nupe. Àwọn kan kọjá. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì máa ń dá àwọn ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n á kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown ní Sierra Leone. Ibẹ̀ ni ajíhìnrere ará Jámánì kan, Sigismund Koelle, ti ń jókòó ti wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, ó sì ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Ìwé náà, *Polyglotta Africana*, jáde ní 1854. Lábẹ́ àwọn èdè tó jọ ti Yorùbá, Yagba wà níbẹ̀, Oworo wà níbẹ̀. Òmíràn sì wà níbẹ̀ tó kọ báyìí: Dsumu.

Ìjùmú ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ wa jókòó ní etíkun yẹn, ó jìnnà sí ilé, òkun ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí lẹ ń pe omi nílé yín. Ó dáhùn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.